Ìbaaka mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́jọ nínú yìnyín: irú àgọ́ oníná wo ni kí a rà?

Ọmọ Ọdẹ Kìṣì (Great Falls, Montana)

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òtútù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó.

Ọmọ Kìṣì ni mí, ọmọ ọdẹ. Bí bàbá mi bá dẹ̀gbẹ́ lápá igbó Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀sẹ̀ méjì ló sábà máa ń lò kó tó wálé. Ewé àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń pa àgọ́. Iná kì í kú lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà: òun ni wọ́n fi ń yan ẹran, òun ni wọ́n sì ń yá bí ọyẹ́ bá mú. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá rò pé mo ti mọ òtútù igbó.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́ta wọ igbó Bob Marshall láti Benchmark, lẹ́yìn Augusta, ní ìparí oṣù Kẹwàá. Elk là ń wá. (Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé: ó jọ àgbọ̀nrín, àmọ́ akọ rẹ̀ lè wọ̀n tó 300 kílò.) Ẹ̀yìn ara wa la fi gbé gbogbo ẹrù. Àgọ́ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la gbé, kò sí iná nínú rẹ̀. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tó di àárọ̀, bàtà mi ti dì gbagidi, mi ò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí mo fi gbé e sáàárín itan mi fún bí ìdajì wákàtí. Aṣọ tó bá ti tutù, ó tutù náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wa ń gbọ̀n débi pé kò lè so okùn bàtà rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó mutí. A kó ẹrù wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a sì dì í mú láàárín títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Ara rẹ̀ ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wọ igbó yẹn mọ́ láìsí iná nínú àgọ́.

Lọ́dún yìí, ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní ìbaaka mẹ́ta àti ẹṣin kan. Ó ti gbà láti kó wọn wá. Òun á gun ẹṣin, àwa mẹ́ta yòókù á fẹsẹ̀ rìn, àwọn ìbaaka á ru ẹrù. Ọjọ́ mẹ́jọ, ojú kan náà la máa pàgọ́ sí.

Ẹni tí mo lọ bá níbi tí wọ́n ti ń tajà ní kí n ra àgọ́ kánfáàsì ńlá, èyí tó dúró bí ilé, tó ní ògiri àti òrùlé, pẹ̀lú férémù onírin àti sítóòfù onígi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní rárá, àgọ́ náílọ́ọ̀nù tó rí ṣóńṣó lókè bí òrùlé àká ni kí n rà, èyí tí sítóòfù rẹ̀ ṣeé ká bí ẹní. Iye owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èwo ni kí n mú?

Àgbà Salmon (Salmon, Idaho)

Àbúrò mi, o ṣeun tí o bèèrè kó o tó rà. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé Salmon. Ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo fi bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ tó máa ń kó àwọn ọdẹ wọ igbó Frank Church. Èmi ni mo ń di ẹrù ẹranko. Nítorí náà mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí àgọ́. Ẹni tó ń tà á máa bi ọ́ pé ènìyàn mélòó ló máa sùn sínú rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni iye ìbaaka tó máa rù ú, ohun tí wọ́n tún máa rù mọ́ ọn, àti ohun tí wọ́n máa rù bọ̀.

Ìbaaka tó bá lágbára, tó sì ti mọ ọ̀nà òkè, 68 kílò ni mo máa ń dì lé e. Mo mọ àwọn tó ń dì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ọwọ́ ara mi wẹ egbò ẹ̀yìn ìbaaka tí wọ́n dì ní àdìjù, ìbaaka tó dàgbà, onísùúrù, tí kò ta ènìyàn nípàá rí. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, ó sì tún na etí sí mi láti gba ẹrù lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn, n kì í dẹrù láìfi òṣùwọ̀n agbékọ́ wọ̀n ọ́n.

Ìbaaka mẹ́ta, 204 kílò nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yín sí i.

Àgọ́ kánfáàsì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó gùn ní 14, èyí tí ènìyàn mẹ́rin àti sítóòfù lè gbà, aṣọ rẹ̀ nìkan á tó 25 kílò bó bá gbẹ. Férémù onírin rẹ̀, kà á sí 36. Sítóòfù onírin tó nípọn pẹ̀lú páìpù èéfín, 20. Ó ti di 81. Oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́jọ, bí ẹ bá fara mọ́ oúnjẹ gbígbẹ, 32. Àpò ìsùn àti ìtẹ́lẹ̀, 20. Ìkòkò, ike omi, ohun ìdáná, 12. Ayùn, àáké, okùn, oògùn ẹranko, 12. Ó wá ku oúnjẹ àwọn ẹranko, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbàgbé. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, yìnyín á ti bo koríko, ohun tí wọ́n máa rí jẹ fúnra wọn ò ní tó. Ẹranko mẹ́rin, kílò méjì oúnjẹ oníhóró lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́jọ: 64 kílò. Ìyẹn gan-an kéré, àtìlẹ́yìn lásán ni. (Rántí pé koríko tàbí oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ́rìí sí pé kò ní irúgbìn èpò nìkan ni ìjọba gbà kó wọ igbó ìjọba níbẹ̀. Àmì rẹ̀ máa ń wà lára àpò tàbí okùn tí wọ́n fi dì í. Tọ́jú àmì yẹn.)

Gbogbo rẹ̀ pọ̀, 221 kílò. O ti kọjá agbára wọn kó o tó jáde nílé, ẹyọ ẹran kan kò sì tíì kú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ fún ọ pé kánfáàsì dára tàbí kò dára. Kánfáàsì dára gidigidi. Ó ń mí. Èémí ènìyàn mẹ́rin àti omi tó ń jáde lára aṣọ tútù á gba ara rẹ̀ kọjá. Bí iná bá kú, kì í tutù wìì lójú kan bíi ti náílọ́ọ̀nù. Ẹ lè dìde dúró nínú rẹ̀, ẹ lè ta okùn sábẹ́ òrùlé kí ẹ fi sá ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ nítorí òtútù, àgọ́ kánfáàsì tó ní iná ló lè gbé e dìde láìjẹ́ pé ẹ gbé e kúrò nínú igbó. Nítorí ohun tí ojú yín rí lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ kí ẹ gbé kánfáàsì. Férémù onírin yẹn ni mi ò fẹ́.

Fi férémù sílẹ̀. Igi páìnì tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn pọ̀ níbi tí ẹ ń lọ, èyí tó ti kú lórí ìdúró. Òpó ń bẹ nínú igbó tí ẹnì kankan kò ní rù. Ọ̀pá kan fún àárín òrùlé, méjì méjì tí ẹ fi okùn so lórí bí àlùmọ́gàjí tó ṣí fún iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì. Igi òkú nìkan ni o, ẹ má fọwọ́ kan igi tútù. Kí ẹ sì pe ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ igbó náà kí ẹ tó lọ, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fàyè gba ọ̀pá gígé lágbègbè tí ẹ máa pàgọ́ sí. Ayùn ọwọ́ ni ẹ máa lò. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1964 fún irú igbó bẹ́ẹ̀ kò gba ẹ̀rọ onímọ́tò kankan láàyè, ẹ̀rọ ìgégi wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti parí, ẹ tú ọ̀pá náà, ẹ tò ó sí ìdí igi kan fún ẹlòmíràn.

Mú sítóòfù tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́ díẹ̀, èyí tí kò ju 16 kílò lọ pẹ̀lú páìpù. Láti 221, yọ 36, yọ 4: 181. Ó ku 23 kílò tí ẹ lè fi rọ àwọn ìbaaka lọ́rùn, tàbí kí ẹ fi sí oúnjẹ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sí oúnjẹ wọn.

Ó wá ku àbọ̀ ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ẹ máa padà, ẹ ti jẹ oúnjẹ tán, àwọn ẹranko náà ti jẹ tiwọn. Ẹrù àgọ́ á ti sún mọ́ 90 kílò. Akọ elk kan tí ẹ gé sí itan àti apá pẹ̀lú eegun rẹ̀ lè tó 130 kílò. 220 tún ni yẹn. Bí ẹ bá yọ eegun, ẹran lásán á tó bí 95. Ó wọlé. Àmọ́ ẹ̀rí akọ tàbí abo gbọ́dọ̀ wà lára ẹran bí òfin Montana ṣe wí, ẹ kà á dáadáa kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí elk bá di méjì, ẹ ti gbọ́dọ̀ múra fún ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn bàbá wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ níbí ni pé kí wọ́n ro ìṣẹ́ ẹranko tó rù ú náà.

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i lórí sítóòfù fúnra rẹ̀, màá padà wá lálẹ́. Àwọn ẹran mi ń kígbe oúnjẹ.

Ìyá Lámà (Grand Junction, Colorado)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fara mọ́ ìṣirò yín, àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún náílọ́ọ̀nù díẹ̀, nítorí ó ti gbà mí.

Ọkọ mi àti èmi ni a jọ ń ṣọdẹ lórí òkè San Juan. Lámà mẹ́rin la ní (ẹranko arẹrù ọlọ́rùn gígùn tó kéré sí ìbaaka), ìbaaka kọ́. Lámà kan, 27 kílò ni mo ń dì fún un, n kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgọ́ tó wúwo kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa rárá. Àgọ́ ṣóńṣó wa, ọ̀pá àárín rẹ̀, sítóòfù titanium (irin tó fúyẹ́) àti páìpù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò tó kílò méje. Apá kan ẹrù lámà kan ni. Bí a kò bá rí ẹran níbì kan, lọ́jọ́ kejì a ti ká a, a ti kọjá sí àfonífojì mìíràn. Kánfáàsì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pàgọ́ ńlá, ó ti di ará ibẹ̀ nìyẹn, bí ẹran sí nílé bí kò sí nílé. Yìnyín náà kì í dúró lórí àgọ́ ṣóńṣó, ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ rẹ̀ fún àbúrò wa. Sítóòfù kékeré yẹn, inú rẹ̀ kò gba igi. Ó máa ń gbóná wàràwàrà, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún o ti ń bọ́ ẹ̀wù, àmọ́ láàárín wákàtí kan ó ti kú. Bó bá kú, òtútù á ti wọlé kó o tó yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àwa kì í dáná mọ́jú. A ń dá a ní alẹ́ láti fi gbẹ aṣọ àti láti fi se oúnjẹ, a tún ń dá a láàárọ̀ kí a tó jáde nínú àpò ìsùn. Òru, àpò ìsùn tó nípọn ló ń ṣọ́ wa. Ẹni tó bá ra àgọ́ náílọ́ọ̀nù oníná, tó wá tìtorí iná yẹn gbé àpò ìsùn fẹ́lẹ́ lọ, ó máa jìyà.

Ìrì náà ń bẹ. Èémí ènìyàn méjì máa ń sẹ̀ sára náílọ́ọ̀nù, bí atẹ́gùn bá mì ín, á rọ̀ sí ọ lójú bí òjò. Aṣọ kejì kan wà tí wọ́n ń ta sínú rẹ̀ láti gba ìrì náà. Mo rà á lọ́dún kejì, n kì í lọ láìsí i mọ́.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: páìpù titanium náà, bébà irin fẹ́lẹ́ ni, o máa ká a fúnra rẹ. Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Ìka mi méjì ló gé nígbà àkọ́kọ́, lórí òkè tó ju 3,000 mítà lọ, lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì tètè fẹ́ dá. Wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Kí o sì ká a nílé, kí o dáná sí i nílé, ìta gbangba ni o. Bí iná bá ti ràn án lẹ́ẹ̀kan, ó máa rántí bó ṣe ká, ìgbà kejì á rọrùn.

Fún ènìyàn mẹ́rin tó máa jókòó sójú kan ní Bob Marshall lópin oṣù Kẹwàá, èmi náà á gbé kánfáàsì. Ká ní ẹ jẹ́ méjì tó ń rìn kiri ni, ǹ bá bá Ẹ̀gbọ́n jà.

Nọ́ọ̀sì Aurora (Colorado)

Ẹ jọ̀wọ́, n kì í ṣe ọdẹ, àmọ́ yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà.

Gbogbo wa la mọ ìdílé kan nílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé, tí wọ́n sùn tí wọn ò jí. Carbon monoxide, gáàsì inú èéfín, ló pa wọ́n. Òun kan náà ló ń pa ènìyàn nínú àgọ́. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí fífọ́, èébì, òòyì, àárẹ̀ tí ò ń rò pé ìrìn òkè ló fà á. Bí ẹni méjì nínú àgọ́ bá ní orí ń fọ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde, ẹ má jókòó wò ó.

Ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ inú àgọ́ láé. Ẹ má sùn ti sítóòfù onígáàsì tí kò ní páìpù. Sítóòfù onígi tó ní páìpù sàn jù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra ní òru nígbà tí iná ti di ẹyin iná tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ẹ tún wá ti ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa: ìgbà yẹn ni májèlé náà ń pọ̀. Ẹ ṣí ihò kan nísàlẹ̀, ẹ ṣí ọ̀kan lókè, kódà bí òtútù bá mú. Bí yìnyín bá ga yí àgọ́ ká, ẹ wà á kúrò níbi ihò ìsàlẹ̀.

Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá wà. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi sí i, nítorí bátìrì lásán máa ń kú nínú òtútù. Ẹ so ó sítòsí orí ẹni tó ń sùn. Kò wúwo, ìbaaka kò ní mọ̀ pé òun gbé e.

Àgbà Salmon

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bùkún yín. Àbúrò, ohun tí ó sọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ rà, kó o tó ra àgọ́.

Ìyá Lámà náà ti sọ òtítọ́ pátápátá. Mo padà wá sọ ti sítóòfù bí mo ṣe ṣèlérí.

Níbi tí aṣọ àgọ́ ti gba páìpù kọjá, aṣọ kan tí iná kì í ràn ni wọ́n ń rán síbẹ̀. Wo ìrán rẹ̀ dáadáa kó o tó sanwó. Páìpù gbọ́dọ̀ ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ, bí kò bá ga, atẹ́gùn á dá èéfín padà sí yín nínú, iná á sì máa ta sórí kánfáàsì. Fi asẹ́ onírin sí orí páìpù kó máa dá ẹ̀ta iná dúró. Asẹ́ yẹn máa ń dí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó o gbọn ẹ̀gbin rẹ̀ dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú àgọ́ ni èéfín máa gbà.

Gbé sítóòfù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, má gbé e sí ojú ọ̀nà gan-an. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa sá gbà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ to igi tàbí sá aṣọ sún mọ́ ọn. Ike omi kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Omi inú rẹ̀ ò ní tètè dì, torí ó sún mọ́ iná. Òun náà ni ẹ máa fi po kọfí láàárọ̀.

Lọ́jọ́ tó o bá rà á, dáná sí i ní ẹ̀yìnkùlé títí ọ̀dà ara rẹ̀ á fi jó tán. Òórùn ọ̀dà yẹn kò dára nínú àgọ́. Da iyanrìn díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ kí iná má bàa jẹ irin.

Igi: páìnì òkú tó ṣì dúró, tí èèpo rẹ̀ ti bọ́, tó ń dún kóó bí o bá fi àáké kàn án. Èyí tó ti ṣubú sínú yìnyín ti mumi. Ẹ gé e kékeré, ẹ là á, ẹ kó ti òru sínú àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Igi tó nípọn tí ẹ bá ki sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ sùn, tí ẹ sì dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, lè mú yín dé aago mẹ́ta òru. Ẹ pín ìṣọ́ láàárín ara yín kí ẹ tó wọ igbó, kí ẹ mọ ẹni tó ń dìde lálẹ́ wo. Mo ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ta ló kàn láti ki igi.

Yìnyín tútù ń wúwo. Lọ́dún kan, ní àgọ́ ọ̀gá mi, àwọn tó ni àgọ́ ti jáde lọ, iná ti kú, yìnyín bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Nígbà tí mo fi máa dé pẹ̀lú àwọn ẹranko lọ́sàn-án, ọ̀pá òrùlé ti ṣẹ́, àgọ́ ti wó lé àpò ìsùn gbogbo wọn. A sùn láìní ilé lálẹ́ yẹn. Ọ̀pá tó nípọn ni kí ẹ fi ṣe òrùlé, kí ẹnì kan sì máa fi ìgbálẹ̀ gbọn yìnyín kúrò. Bí iná bá ń jó nínú rẹ̀, yìnyín á máa yọ̀ kúrò fúnra rẹ̀.

Béárì ńkọ́? Béárì onírun idẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní grizzly, wà níbẹ̀. Oúnjẹ yín, oúnjẹ ẹranko yín, ọṣẹ yín, ẹran tí ẹ pa, gbogbo ohun tó ní òórùn gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tí béárì ò lè ṣí, tàbí kí ẹ fà á ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè, kó sì jìnnà sí ara igi ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ mú okùn tó gùn dáadáa. Ẹ má yan ẹran nínú àgọ́ tí ẹ máa sùn sí. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ń yan ẹran lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ tirẹ̀. Béárì kò sí ní Kìṣì.

Bí ẹ bá délé, ẹ ta kánfáàsì náà kó gbẹ kanranjángbọ́n kí ẹ tó ká a. Bí ẹ bá ká a pẹ̀lú omi, láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ti bu, á hu tótòtó dúdú lára, òórùn rẹ̀ ò sì ní kúrò mọ́.

Ọmọ Ọdẹ Kìṣì

Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Lámà, Nọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àwọn mẹ́ta yòókù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni àwọn ìbaaka dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi egbò ẹ̀yìn, ó wá ní kí n bá òun kí ẹni tó kọ ìyẹn.

A ti ra kánfáàsì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó gùn ní 14, láìsí férémù. Ẹni tó tà á fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jiyàn, a ní férémù wa ń dúró dè wá nínú igbó. Mo pe ọ́fíìsì igbó, wọ́n ní kò sí wàhálà bó bá ti jẹ́ igi òkú. Sítóòfù tí a rí, 15 kílò pẹ̀lú páìpù. Ẹ̀rọ carbon monoxide méjì ni mo rà, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Sátidé a pa àgọ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé, a fi omi wọ́n ọn bí ìwé tó bá a wá ṣe wí kí òwú rẹ̀ lè wú kí ojú abẹ́rẹ́ dí. Nígbà tó gbẹ, a dáná sí sítóòfù níta títí ọ̀dà fi jó tán, a wá gbé e wọlé. Òtútù ìta wà ní ìwọ̀n Celsius 6 nísàlẹ̀ òdo lálẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó gbọ̀n lọ́dún tó kọjá ló jókòó sún mọ́ iná jù. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, ó kàn ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń tún un wọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. A wọn gbogbo ẹrù, ó jẹ́ 186 kílò pẹ̀lú oúnjẹ ẹranko tí a fi kún un. Báwo ni kí a ṣe pín in? Ẹni tó ni wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ìbaaka náà ti ń dàgbà.

Àgbà Salmon

Bá mi kí i padà. Sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, ó yẹ lẹ́ni tó ń ní ẹranko.

Àwọn méjì tó lágbára, ẹ dì 66 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà yẹn, 54, kí ẹ fi àpò ìsùn àti oúnjẹ yín sí tirẹ̀, nítorí oúnjẹ ni yóò máa fúyẹ́ lójoojúmọ́ bí ẹ bá ní láti ṣí kúrò lójú kan. Ẹ má di sítóòfù lé e, irin tó ní igun ò yẹ ẹ̀yìn àgbà. Kánfáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sítóòfù àti ohun ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, lórí ìbaaka kan náà. Ìyàtọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kọjá kílò kan. Bó bá kọjá, gàárì á máa yí, á sì máa họ ọ́ lára ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ẹ tún okùn fún wọn.

Kánfáàsì yẹn máa wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá mumi. Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú òṣùwọ̀n náà dání wọ igbó.

Ọmọ Ọdẹ Kìṣì

Òṣùwọ̀n náà ti wà nínú àpò. 186.4 ló wá di.